Rọ́bà Aláwòrán Pákó Tí O Fẹ́ Tẹ́ Sílé Ìlárá

Dàpọ̀ ọmọ mi, Àlàó,

Mo kí ọ, mo kí Mojí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ara mi le. Orúnkún òsì nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu, ẹnu mi ò ṣe nǹkan kan, ìdí nìyẹn tí ìwé yìí yóò fi gùn. Bísí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ṣe ń sọ ọ́ ni kó máa kọ ọ́, kó má bá mi fi ṣúgà sí i. Ó ti ń rẹ́rìn-ín báyìí. Bísí, kọ ìyẹn náà.

Dírẹ́bà tí o rán sí mi dé lọ́sàn-án Sátidé. Ó kó búrẹ́dì tí o fi ránṣẹ́ fún mi, ó wá fa ègé rọ́bà kan yọ láti abẹ́ àga mọ́tò, ó ní, "Màmá, wọ́n ní kí ẹ wo èyí. Òun ni wọ́n fẹ́ tẹ́ sí gbogbo ilẹ̀ ilé tuntun ní Ìlárá, títí dé yàrá yín." Ó ní o ní kí n máa di ẹrù mi, pé o ò fẹ́ kí n ṣe ọdún Kérésì ní Mákùn mọ́, nínú ilé tí ilẹ̀ ẹ̀ rí gbágungbàgun.

Mo gbọ́. Mo sì dúpẹ́. Ọmọ tó kọ́lé tí ò gbàgbé ìyá ẹ̀, irú ẹ̀ ò pọ̀. Bí mo bá kúnlẹ̀ àdúrà láàárọ̀, ìwọ ni mo kọ́kọ́ ń dárúkọ, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ sì ń bá mi jà nítorí ẹ̀. Ṣùgbọ́n o ti dá mi lágara, Àlàó. Láti Sátidé ni mo ti ń dá sọ̀rọ̀ nídìí ààrò bí ẹni tí wọ́n ji adìyẹ ẹ̀ gbé. Ilé tí bíríkìlà ò tíì kó ṣọ́bìrì ẹ̀ kúrò níbẹ̀, o ti fẹ́ fi rọ́bà bò ó lójú. Ta ló ń lé ọ?

Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rí rọ́bà náà, kí o má baà ní ìyá àgbà ò mọ nǹkan ìgbàlódé. Ó dán. Wọ́n ya àwòrán pákó sí i lára, ti ojú kókó igi, ti gbogbo ìlà inú igi, débi pé mo fi ìka wá ibi tí igi ti máa ń gún èèyàn, n ò rí i. Mo gbé e lọ fún Ìyá Ṣàkírà, aládùúgbò wa tí a jọ ń ṣe obì. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó fi èékánná họ ọ́.

Ó ní, "Pákó wo rèé tó ń ká bí ẹní?"

Mo ní, "Kì í ṣe pákó. Rọ́bà ni."

"Kí ló wá dé tó ń pe ara ẹ̀ ní pákó?"

"Dàpọ̀ ló fẹ́ tẹ́ ẹ sílé."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Dàpọ̀ tó lọ sí fásítì." Ó dá a padà fún mi. "Ó tó bẹ́ẹ̀."

N ò mọ ohun tó fi ìyẹn sọ, n ò sì bi í. Ṣùgbọ́n n kì í bú ohun tí n ò tíì lò. Mo tẹ́ rọ́bà náà síwájú ààrò, mo ń lò ó bí ẹni tó fowó ara ẹ̀ rà á. Mo da omi sí i, omi dúró lórí ẹ̀ bí omi orí ewé kókò, kò wọ inú ẹ̀. Mo da epo pupa sí i, mo fi àkísà nù ún, epo lọ, bí ẹni pé kò wá rí. Mo kúnlẹ̀ lé e lórí gbàdúrà, orúnkún tí mo sọ fún ọ yìí ò sọ nǹkan kan. Mo tilẹ̀ fi kún àdúrà náà nítorí pé ibẹ̀ tù mí lára. Títí dé ibẹ̀, mo ń yìn ọ́. Mo sọ fún Bísí pé bàbá ẹ̀ kọ́ nìkan ló gbọ́n, bàbá kékeré ẹ̀ náà ń gbìyànjú.

Lọ́jọ́ kejì ni mo sọ ìkòkò ìkókọrẹ́ kalẹ̀ láti orí iná lé e, bí mo ṣe ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé bàbá rẹ. Ìgbà tí mo máa gbé ìkòkò, rọ́bà bá a dìde. Àwa méjèèjì fa ìkòkò, èmi lókè, rọ́bà nísàlẹ̀. Ìgbà tí Bísí bá mi já a, ojú ibẹ̀ ti wú bí ojú ẹni tí agbọ́n ta, òórùn ẹ̀ sì wọ ọbẹ̀. Mo jẹ ìkókọrẹ́ tó ń rùn bí táyà.

Nítorí náà gbọ́ ìmọ̀ràn mi. N ó kà á lẹ́sẹẹsẹ bí àwọn tísà ṣe ń kà á. Bí mo bá ṣì í kà, má dá Bísí lẹ́bi.

Èkíní. Má tẹ́ nǹkan kan sórí ilẹ̀ tí inú ẹ̀ ṣì tutù.

Ìgbà tí bàbá rẹ fẹ́ mi, ilé alámọ̀ ló ní, amọ̀ náà sì ni ilẹ̀ ẹ̀. Àwa ìyàwó ilé la máa ń ṣe ilẹ̀ ọ̀hún. A ó da amọ̀ sílẹ̀, a ó fi igi lù ú pẹrẹsẹ, a ó wá fi ìgbẹ́ màlúù àti omi èédú ra á lójú títí yóò fi máa dán. Ó ń dán, Àlàó, má rẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ mi wá ní kẹ́nikẹ́ni má wọlé títí ilẹ̀ yóò fi gbẹ. Èmi ìyàwó tuntun, mo ń lọ síbi ìkómọ, gèlè mi sì wà nínú yàrá. Mo fọwọ́ kan ilẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gbẹ. Mo ní àwọn ìyá àgbà fẹ́ràn kí wọ́n máa dẹ́rù ba èèyàn. Mo wọlé. Òkè ló gbẹ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, tòsì tẹ̀lé e. Wọ́n dí i, kò dí dáadáa. Títí a fi wó ilé yẹn, bí àlejò bá dé, bàbá rẹ á mú un lọ sí yàrá, á ní, "Ẹ wá wo ẹsẹ̀ ìyàwó mi. Ó wọlé kí n tó pè é."

Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ nìyí: òkè ilẹ̀ máa ń purọ́. Sìmẹ́ǹtì náà sì ń purọ́, ó tilẹ̀ ju amọ̀ lọ, nítorí ó tètè máa ń funfun lójú. Mo wà ní Ìlárá lọ́jọ́ tí wọ́n da sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ rẹ, agbòòrùn ni mo gbé lé orí nínú òjò. Gbogbo omi tí wọ́n pò mọ́ ọn, àti èyí tí òjò fi kún un, ibo lo rò pé wọ́n gbà lọ? Wọ́n wà níbẹ̀. Bí o bá fi rọ́bà bò wọ́n, wọn ò ní rí ọ̀nà jáde, wọ́n á sì bá gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ rọ́bà jà. Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti gbẹ, mú abọ́ tánńganran, da ojú ẹ̀ délẹ̀ ní yàrá tí atẹ́gùn ò dé, fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí o bá ṣí i tí inú abọ́ ń làágùn, jẹ́ kí rọ́bà rẹ wà nínú páálí. Dúró di ìgbà ọyẹ́. Ọyẹ́ tó ń la ètè wa náà ló máa gbẹ ilẹ̀ rẹ.

O lè ní amọ̀ ayé àtijọ́ ni mo ń sọ. Ó dáa, jẹ́ ká sọ̀rọ̀ rọ́bà. O rántí Bàbá Ìyàbọ̀, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ tó ń ta irin ìkọ́lé ní Likosi? Òun ló kọ́kọ́ tẹ́ rọ́bà sí pálọ̀ láàárín gbogbo àwa tí a mọra. Wọ́n ń bọ̀ wá tọrọ Ìyàbọ̀, ó sì fẹ́ kí àwọn àna bá ilẹ̀ tó ń dán. Òjò ń rọ̀, sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ lójú ni. Káfíńtà tó bá a tẹ́ ẹ ní kó dúró díẹ̀. Ó ní, "Ta ni yóò dúró de sìmẹ́ǹtì? Ṣé òun ni wọ́n fẹ́ fẹ́?" Wọ́n fi gọ́ọ̀mù dúdú kan tó dà bí ọ̀dà títì lẹ̀ ẹ́. Ó dára lójú lóòótọ́. Mo bọ́ bàtà kí n tó wọlé.

Ọjọ́ ìtọrọ pé, oòrùn mú, pálọ̀ kún. Ọkọ ìyàwó dé pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, gbogbo wọn nínú aṣọ funfun. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àwa obìnrin ilé ní kí wọ́n má tíì dìde, o mọ̀ bí a ṣe máa ń ṣe. Èmi gan-an ni mo ní, "A ò tíì rí wọn dáadáa, ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn síbẹ̀ díẹ̀ sí i." Wọ́n sùn síbẹ̀. A kọrin, a bú wọn, a yìn wọ́n. Ìgbà tí a ní kí wọ́n dìde, ara wọn ò tètè gbà. Ìgbà tí wọ́n wá dìde, gbogbo ojú ibi tí rọ́bà ti pàdé rọ́bà ló ti wà láyà ọkọ ìyàwó, ìlà gọ́ọ̀mù dúdú níbùú, ìlà dúdú lóròó, bí ìwé ìṣirò àwọn ọmọ ilé ìwé. Ègé kan tilẹ̀ lẹ̀ mọ́ orúnkún ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan, ó bá a dìde.

Ìyá Ṣàkírà ló kọ́kọ́ lanu. "Àna wa, ta ló hun ẹní sí yín láyà?"

Bàbá ọkọ ìyàwó ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bí ẹ ò bá fẹ́ fún wa lọ́mọ, ẹ ìbá sọ. Kí ló dé tí ẹ fi ọ̀dà kun ọmọ wa?"

Ìyá Ìyàbọ̀ sáré mú kẹrosíìnì wá pé òun fẹ́ nu aṣọ náà. Ìlà tó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tẹ́lẹ̀ wá di ọ̀kan ṣoṣo, ó ràn káàkiri. Ọkọ ìyàwó tó wọlé ní funfun, bí alágbẹ̀dẹ ló ṣe jáde. Wọ́n ṣáà fún un ní Ìyàbọ̀, nítorí wọn ò lè ṣe kí wọ́n má fún un mọ́. Kí ọdún tó yí po, etí gbogbo rọ́bà ilẹ̀ yẹn ti ká sókè bí ètè ọmọ tí wọ́n gba ẹran lọ́wọ́ ẹ̀, eèrà sì ti kọ́lé sábẹ́ ẹ̀. Bàbá Ìyàbọ̀ fúnra ẹ̀ ló padà fi ọ̀bẹ ha á kúrò. Ẹní jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ìwọ tí kòtò ọ̀hún wà níwájú rẹ, tí a ti fi ọ̀pá sàmì sí i, o tún fẹ́ kó sí i.

Òwe kan wà tí mo fẹ́ pa síbí, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́". Bísí kọ̀, kò fẹ́ kọ ọ́, ó ní ọmọ ìjọ ni òun. O mọ òwe náà. Parí ẹ̀ fúnra rẹ.

Èkejì. Má fi rọ́bà sí kíṣìnì. Mo ti sọ ti ìkòkò fún ọ. Mo mọ̀ pé Mojí ń fi sítóòfù dáná lórí tábìlì, pé orí ìdúró ló ti ń se oúnjẹ, ó dáa. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àlejò bá pọ̀, tí èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ bá dé, tí a fẹ́ se èbìrìpò, ilẹ̀ ni gbogbo wa ń jókòó sí, ilẹ̀ náà ni ìkòkò ń sọ̀ sí. Ṣé o fẹ́ kí n máa wojú ilẹ̀ kí n tó sọ ìkòkò kalẹ̀? Ẹni tó ń bẹ̀rù ilẹ̀ kíṣìnì ẹ̀, oúnjẹ ẹ̀ ò lè dùn. Kẹrosíìnì tó ń kán láti ara sítóòfù náà, kì í bá rọ́bà ṣọ̀rẹ́. Fi sìmẹ́ǹtì síbẹ̀, kí bíríkìlà dán an dáadáa, ó parí.

Mojí náà, bó bá ń lọ aṣọ, kó má gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú sílẹ̀ ní yàrá. Iná èédú tó já bọ́ sórí sìmẹ́ǹtì, wàá gbá a ni. Èyí tó já bọ́ sórí rọ́bà, wàá máa fi ẹní bò ó mọ́ àlejò lójú títí ayé.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Má ṣe ilẹ̀ ilé rẹ nítorí ojú àwọn tó ń kọjá.

Ìgbà tí bàbá rẹ wá rí owó díẹ̀ tó fi sìmẹ́ǹtì pupa ṣe ilẹ̀ pálọ̀, orí mi wú. Mo ra pólíìṣì, mo ń fi àkísà pa á láràárọ̀, mo kúnlẹ̀, mo ń pa á bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́. Àwọn obìnrin àdúgbò á yọjú lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Ìyàwó, a rí eyín wa níbẹ̀." Inú mi á dùn, n ó tún fi kún un. Ọjọ́ kan ni ìyá ọkọ mi gbé àwo ẹ̀kọ wọlé. Ẹsẹ̀ ẹ̀ kan lọ sí ọ̀nà yàrá, èkejì lọ sí ọ̀nà ìta. Ó jókòó sílẹ̀ gbì, ẹ̀kọ wà lórí ẹ̀. Ó wá ní, "Ìyàwó, bí o bá fẹ́ kí n tètè lọ, ṣé o ò lè fi ẹnu sọ ọ́ ni?" Láti ọjọ́ yẹn, omi àti ìgbálẹ̀ ni mo fi ń tọ́jú ilẹ̀.

Mo gbé ègé rọ́bà rẹ sí ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀, mo da omi sí i, mo ní kí Bísí gun orí ẹ̀. Bísí, sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún bàbá kékeré rẹ. Ó ní òun ò ní kọ ìyẹn. Ó yọ̀ ṣubú, ìdí ń dùn ún di òní. Ọmọdé ni o, egungun ẹ̀ ṣì rọ̀; tèmi á dá ni. Ìyẹn ni ọ̀nà balùwẹ̀ ṣe wà lára ibi tí n ò fọwọ́ sí.

Bísí ní ẹlẹ́ẹ̀kẹrin la dé. Mo rò pé a ti kọjá ẹ̀. Èyí ò tóbi: bí o bá máa tẹ́ rọ́bà, rà ju ohun tó máa tó lọ, kó ìyókù sí òkè àjà. Bí ègé kan bá bàjẹ́ lọ́la, wàá lọ sọ́jà, wọ́n á ní irú àwòrán pákó yẹn ò dé mọ́, wọ́n á fún ọ ní òmíràn. Ilẹ̀ rẹ á wá dà bí ṣòkòtò tí wọ́n lẹ̀ nídìí. Kí o sì ṣí gbogbo fèrèsé sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí o tó kó àwọn ọmọ wọlé. Òórùn gọ́ọ̀mù yẹn ò dáa fún ọmọ tó ń wúkọ́, o sì mọ èyí tó ń wúkọ́ nínú wọn.

Nísinsìnyí, kí o má baà ní mo ta kò ọ́ ní gbogbo ọ̀nà. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, tẹ́ ẹ sí pálọ̀. Tẹ́ ẹ sí yàrá àwọn ọmọ, ibẹ̀ gan-an ló dára fún jù: wọ́n á tọ̀ sí i, ẹ ó nù ún, wọ́n á ṣubú lórí ẹ̀, kò ní dùn wọ́n tó ti sìmẹ́ǹtì. Tẹ́ ẹ sí yàrá tìrẹ àti Mojí, bí ó bá wù yín, n ò ní wá wò ó. Nǹkan tó dáa ni. Nǹkan tó dáa ní àyè tiẹ̀ ni. Ohun tó ń dá mi lágara ni pé ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, bí ẹ bá ti rí ohun kan tó dáa ní ibì kan, ẹ ò ní sinmi títí ẹ ó fi rí i níbi gbogbo.

Àlàó, ó ku yàrá tèmi.

Nítorí ẹ̀ gan-an ni mo ṣe ní kí Bísí mú bírò. Ìyókù, ẹnu dírẹ́bà ti tó o.

Ìgbà tí o wá kẹ́yìn, o bá èmi àti Ìyá Ṣàkírà nílẹ̀, a da obì sílẹ̀, a ń bó o. O dúró lẹ́nu ọ̀nà, o ò mọ ibi tí wàá gbẹ́sẹ̀ lé. O ní, "Màmá, kí lẹ tún ń fi obì ṣe ní ọjọ́ orí yín? Ẹ wá jókòó sọ́dọ̀ wa, kí ẹ sinmi."

Mo ní, "Bí mo bá jókòó ńkọ́?"

O ní, "Ẹ ó máa sinmi ni."

Mo ní, "Mo ti gbọ́. Mo sinmi, oúnjẹ jinná, mo jẹun. Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

O rẹ́rìn-ín, o wọ mọ́tò rẹ lọ. O ò dá mi lóhùn. Mo ṣì ń retí ìdáhùn yẹn, rọ́bà ni mo rí gbà.

Ọmọ ẹni tó ń ṣe obì ni ọ́, kò yẹ kí n máa ṣàlàyé fún ọ, ṣùgbọ́n ó jọ pé ìwé ti lé e jáde lórí rẹ. Obì kì í ti oko dé inú agbọ̀n lọ́jọ́ kan. A ó là á, a ó bó awọ funfun ara ẹ̀, a ó fọ̀ ọ́, a ó wá dà á sílẹ̀ kó làágùn. Bí obì bá ń làágùn, ilẹ̀ ló ń gba òógùn ẹ̀. A ó fi ewé gbòdògì bò ó, a ó máa yí i, a ó máa ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀. Ìgbà tí òógùn ẹ̀ bá tán, ìgbà yẹn ni agbọ̀n tó kàn án. Gbogbo èyí, orí ilẹ̀ la ti ń ṣe é. Obì ló rán ìwọ lọ sí ilé ìwé, orí ilẹ̀ gbágungbàgun yìí ló sì ti làágùn.

Mo dán ìyẹn náà wò. Mo da gbánja díẹ̀ sórí ègé rọ́bà rẹ, mo da díẹ̀ sórí ilẹ̀ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo fi ewé bo méjèèjì. Ìgbà tí a ṣí i, èyí tó wà lórí ilẹ̀ ti gbẹ, ara ẹ̀ le, ó ń dán. Èyí tó wà lórí rọ́bà jókòó sínú omi ara ẹ̀, ó ti ń dúdú, ó ń yọ̀. Ìyá Ṣàkírà mú ọ̀kan, ó gé e jẹ, ó tu ú dànù. Ó ní, "Obì rèé, àbí ọṣẹ?"

Mo mọ ohun tí wàá sọ. Wàá ní kí n fi àpò tẹ́ sórí rọ́bà, kí n da obì sórí àpò. Mo ti rò ó. Àpò á mu omi yó, yóò máa rùn, a ó máa sá a lójoojúmọ́, ìyàwó rẹ yóò máa fi imú mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò ní sọ nǹkan kan, nítorí pé ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni Mojí. Èmi náà ò ní sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, n ó fi obì sílẹ̀ nítorí àlàáfíà. N ó wá máa jókòó lórí àga tìmùtìmù, n ó máa wo àwòrán pákó. Bí ẹnìkan bá bi mí pé kí ni mò ń ṣe, n ó ní mo wà lọ́dọ̀ ọmọ mi. Ṣé iṣẹ́ nìyẹn, Dàpọ̀? Àwọn oníbàárà wa tó ń ti òkè Ọya wá, bí wọ́n bá wọlé tí wọn ò bá mi nídìí obì, wọ́n máa ń béèrè pé ta ló kú.

Ohun tí mo ń fẹ́ ò pọ̀. Fi sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ ní yàrá mi, lásán, láìfi nǹkan kan kùn ún. Kí bíríkìlà jẹ́ kó rẹlẹ̀ díẹ̀ sápá ẹnu ọ̀nà, kí omi lè máa ṣàn jáde bí mo bá fọ̀ ọ́. Kó fẹ ẹnu ọ̀nà náà kí agbọ̀n lè gba ibẹ̀ kọjá. Bí o bá ń bẹ̀rù pé ilẹ̀ á tutù jù fún orúnkún mi, ègé rọ́bà kékeré kan tó, èyí tí n ó máa kúnlẹ̀ lé lórí láàárọ̀. Mo sọ fún ọ pé mo fẹ́ràn ẹ̀ níbẹ̀. Ìyá Ṣàkírà ní òun á máa wọ mọ́tò láti Mákùn wá bá mi bó obì ní Ìlárá, pé òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ìyàwó rẹ máa ń se ẹran tó pọ̀.

Ilé rẹ ni, n ò ní bá ọ jà. Bí o bá ti pinnu pé rọ́bà ni yóò wà ní yàrá yẹn náà, tẹ́ ẹ. Máa rán dírẹ́bà wá mú mi ní Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn. N ó wá, n ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, n ó jẹ oúnjẹ Mojí, n ó bá àwọn ọmọ ṣeré, n ó yin ilẹ̀ rẹ lójú gbogbo ẹni tó bá wà níbẹ̀, n ó sì wọ mọ́tò padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú, bí àlejò gidi. Inú mi ò ní bàjẹ́. Àlejò náà máa ń jẹun yó.

Ṣùgbọ́n bí o bá fi sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ fún mi, má wulẹ̀ rán dírẹ́bà àti mọ́tò kékeré yẹn. Agbọ̀n pọ̀. Rán lọ́rì.

Èmi ìyá rẹ,
tí mo ṣì wà ní Mákùn.